Ohun Tí Mo Lọ Sọ Níbi Ìpàdé Ọ̀rọ̀ Ikú

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ, mo kí ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ náà ti di ọ̀gá, nítorí kò sí ọ̀gá tí kò ní ọ̀gá tirẹ̀. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà? Ṣé ilé gogoro tí ẹ ń gbé yẹn ṣì dúró dáadáa? Láti ọjọ́ tí o ti sọ fún mi pé ẹbí kan ń gbé lórí yín, tí òmíràn tún ń gbé lórí wọn, títí dé òkè pátápátá, ni mo ti ń fi àdúrà ti òpó ilé náà. Ẹni òkè kò ní jábọ́ lé ẹni ìsàlẹ̀. Iṣẹ́ kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Ohun tí o bá dáwọ́ lé yóò wú bí ìyẹ̀fun tí yíìsì rẹ̀ pé, kò sì ní jóná nínú ààrò. Àmín.

Bí o bá ń bèèrè èmi náà, ara le, ẹ̀mí wà. Orúnkún ọ̀tún ṣì máa ń sọ̀rọ̀ bí mo bá fẹ́ dìde, ṣùgbọ́n n kì í dá a lóhùn. Ọmọ tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló ń bójú tó ilé búrẹ́dì báyìí, ọwọ́ rẹ̀ sì ti mọ iṣẹ́, àfi pé ó lọ ra aago kékeré kan tó máa ń ké bí òròmọdìyẹ nígbà tí búrẹ́dì bá jinná, ó ní kó máa rán òun létí ni. Mo bi í pé kí wá ni iṣẹ́ imú tó wà lójú rẹ̀, ṣé ọ̀ṣọ́ ni. Òrùlé yàrá rẹ tó ń jò, káfíńtà ti wá wò ó, ó mi orí, ó sì lọ. Mi ò tíì mọ iye tí mímì orí náà yóò ná wa.

Ohun tó mú mi kọ ìwé dípò kí n pè ọ́ ni pé ọ̀rọ̀ kan wà tí fóònù kì í gbé. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti ní, ọmọ mi, lọ́jọ́ tí mo bá kú, o ó ti ní Màámi, ẹ ò ní kú, ẹ jọ̀ọ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa níbí, mo máa pè yín padà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí yà mí lẹ́nu. Bí a bá ń sọ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ, ó mọ́ gaara. Bí a bá ń sọ ọ̀rọ̀ òjò àti oòrùn, ó dà bí ẹni pé inú yàrá kan náà la wà. Ikú nìkan ni kì í rí ọ̀nà kọjá. Mo ti rò ó títí, mo sì gbà pé àwọn ilé iṣẹ́ fóònù ló fòfin dè é, bóyá nítorí pé ẹni tó bá kú kì í ra káàdì mọ́.

Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé fì sẹ́yìn mọ́. Àbúrò bàbá rẹ ti wá kan èèkàn mẹ́rin mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè bàbá rẹ lẹ́yìn ilé wọn, wọ́n ní àyè tèmi nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má sá aṣọ síbẹ̀ mọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo sì ní ibẹ̀ kọ́ ni mo fẹ́. Wọ́n ní àwọn kì í gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ẹni tó ṣì ń rìn. Wọ́n ní àkọ́bí ni ẹnu ìyá rẹ̀, bí àkọ́bí bá wá, tó sọ ọ́ lójú àwọn, àwọn yóò fa èèkàn tu. Ìwọ náà mọ̀ wọ́n. O kò sì tíì gbàgbé ẹnu ọ̀nà mọ́ṣúárì nígbà tí bàbá rẹ lọ, bí ìwọ àti wọn ṣe dúró tí ẹ ń fa ọ̀rọ̀ mọ́ra yín lọ́wọ́, o ní itẹ́ òkú tuntun tó ní géètì, wọ́n ní ẹ̀yìn ilé, bàbá rẹ sì wà nínú ibẹ̀ tó ń retí bí ẹrù tí olówó rẹ̀ kò tíì dé, nítorí pé kò sí ẹnì kan nínú wa tó gbọ́ ibi tó fẹ́ lẹ́nu òun fúnra rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ìwọ àti àbúrò bàbá rẹ kò bá ara yín sọ ju ẹ kú ọdún lọ. Mi ò fẹ́ kí ẹ tún pàdé ní ẹnu ọ̀nà yẹn nítorí tèmi.

Wàyí o, ibi tí mo ti rí ẹnu kọ gbogbo èyí ni mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ fún ọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, mo rí ìwé ńlá kan lára ògiri. Àwòrán Alága ẹgbẹ́ àdúgbò wa ló wà láàárín rẹ̀, wọ́n wọ kóòtù, wọ́n fọwọ́ lẹ́rán bí ẹni tó ń ro ti ayé mọ́ ti ọ̀run. Lókè orí wọn, wọ́n kọ Ọ̀RỌ̀ IKÚ gàdàgbà. Nísàlẹ̀ àgbọ̀n wọn, ọjọ́ àti oṣù. Mo kígbe. Ta ni yóò tún máa ka wínníwínní tó wà nísàlẹ̀ nígbà tí lẹ́tà ńlá ti sọ̀rọ̀, tí àwòrán sì ti jẹ́rìí sí i? Mo padà sílé, mo di búrẹ́dì sínú apẹ̀rẹ̀ fún àwọn tí yóò wá kí ìyàwó Alága, ni mo bá ń sunkún lọ. Lójú ọ̀nà ni mo pàdé onígbàjámọ̀ ìkóríta, ó ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, fìlà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun lòun gẹ irun wọn ní Sátidé, orí náà kò sì sọ ohunkóhun fún òun.

Nígbà tí a dé ilé Alága, àgbàlá ti kún. Obìnrin tó ń ránṣọ ní ẹ̀yìn ilé wa, Télọ̀ tí o mọ̀, ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń ka ìwà rere Alága lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ìwà tí ẹnì kankan kò gbúròó wọn rí. Ni ilẹ̀kùn bá ṣí, ni Alága bá yọ sí wa nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, búrọ́ọ̀ṣì ń bẹ lẹ́nu wọn, ìfófòó ń ṣàn lágbọ̀n wọn. Ẹni tó sá, sá. Ẹni tó dọ̀bálẹ̀, dọ̀bálẹ̀. Wọ́n bi wá pé kí ló dé. Onígbàjámọ̀ ló gbà wá sílẹ̀, ó ní ikú tó fẹ́ pani, tó bá ṣíni ní fìlà, ó yẹ ká dúpẹ́, ó sì na fìlà tirẹ̀ sókè kí wọ́n lè rí i. Alága bínú gidi, wọ́n ní ṣé ojú òkú ni ojú àwọn jọ ni. Mo ní rárá o, Alága wa, àwòrán yẹn ló dára jù, a kì í sábà rí ẹni tó ṣì wà láàyè tó dára tó bẹ́ẹ̀. Ìyẹn wọ̀ wọ́n létí. Wọ́n wá ṣàlàyé pé ìpàdé ni ìwé náà ń pe èèyàn sí, pé àwọn ni àwọn tẹ̀ ẹ́, ìdí nìyẹn tí ojú àwọn fi gba àyè, àti pé níwọ̀n ìgbà tí ẹsẹ̀ ti pé báyìí, gbogbo wa la máa wá, tòun ti búrẹ́dì.

Ẹni tó dá ìpàdé náà sílẹ̀ gan-an ni nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì. Ó ní ní gbogbo ọdún tí òun fi ṣiṣẹ́, àwọn tó ń kú lọ kì í rí ẹni bá sọ ọ́. Àwọn ẹbí á yí bẹ́ẹ̀dì ká, wọ́n á máa sọ fún aláìsàn pé ọ̀la ló máa délé, aláìsàn á sì máa ṣe bí ẹni tó gbà wọ́n gbọ́ kó má baà já wọn kulẹ̀. Ló bá ní kí á máa pàdé, kí á mu tíì, kí á jẹ nǹkan, kí oníkálukú sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ nípa ikú àti ọ̀fọ̀. Kò sí ìwàásù, kò sí ìmọ̀ràn, a kò sì gbọdọ̀ fipá tu ẹnikẹ́ni nínú. Gbọ̀ngàn kékeré ẹ̀yìn ilé ìwòsàn la lò, ó ń rùn bí oògùn ìnulẹ̀, fáànù ibẹ̀ ń yí bí ẹni tó ń ronú, kò fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Nọ́ọ̀sì ti to àga yípo. Èyí kò dùn mọ́ Alága nínú rárá. Wọ́n yí àga náà ká lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún yí i ká, wọ́n ń wá ibi tí iwájú wà kí wọ́n lè jókòó síbẹ̀.

Nígbà tí wọn kò rí iwájú, wọ́n dúró, wọ́n ní kí á tó wọ inú ikú lọ, ó yẹ kí á kọ́kọ́ dá àwọn èèyàn pàtàkì mọ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ látorí ara wọn. Lórúkọ ẹgbẹ́, lórúkọ ìgbìmọ̀, lórúkọ ìgbìmọ̀ tó wà lábẹ́ ìgbìmọ̀, wọ́n kí ikú káàbọ̀ sí àdúgbò wa. Nọ́ọ̀sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó ní oyè kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá yìí, gbogbo wa la sì jọ jẹ ẹ́: ẹni tí yóò kú ni wá.

Gbogbo ilé pariwo, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Kí n má purọ́, ohùn tèmi ló ròkè jù. Ó tún gbìyànjú, ó ní ikú, a ní a ò ní rí i. Ó ní sàréè, a ní yóò jìnnà sí wa. Báyìí la ṣe ń lé ikú jáde kúrò nínú ìpàdé tí a pè nítorí rẹ̀. Nígbà tó sú u, ó ní bí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ bá ti ń yún yín lọ́fun, ẹ fi búrẹ́dì dí i. Ọmọ mi, búrẹ́dì tí mo rò pé yóò kárí wa di ìrọ̀lẹ́ ti tán kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ tán.

Ṣùgbọ́n ó ṣiṣẹ́. Télọ̀ ló kọ́kọ́ sọ ọ́ bó ṣe yẹ ká sọ ọ́. Ó ní òun gé ṣòkòtò kan fún àbúrò òun ọkùnrin, àbúrò náà kú kó tó wá wọ̀ ọ́ wò. Ṣòkòtò ọ̀hún ṣì wà lórí ìkọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, ẹsẹ̀ kan rírán, ẹsẹ̀ kan àìrán. Àwọn oníbàárà a máa bèèrè bóyá títà ni. Àwọn ará ilé ní kó sun ún, àwọn ọ̀rẹ́ ní kó fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ, gbogbo èèyàn ló mọ ohun tó yẹ kó fi ṣòkòtò ṣe. Ó ní ohun tí òun fẹ́ kò ju kí ẹnì kan bi òun pé báwo ni àbúrò náà ṣe ga tó. Nọ́ọ̀sì bi í. Télọ̀ dìde, ó fọwọ́ lé òkè orí ara rẹ̀, ó tún gbé ọwọ́ náà sókè díẹ̀ sí i, ó sì dá a dúró síbẹ̀ nínú afẹ́fẹ́. Ni Alága bá jókòó sórí àga tó wà nítòsí wọn.

Nígbà tó kàn mí, mo sọ ti fóònù, mo sọ ti èèkàn. Nọ́ọ̀sì ní kí n mú ẹnì kan tí yóò jókòó bí ọmọ mi, kí n sọ ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ fún un. Mo wò yíká, mo mú onígbàjámọ̀, nítorí orí rẹ̀ tóbi díẹ̀ bíi tìrẹ, má bínú. Ó jókòó síwájú mi, ó tún kọ́là rẹ̀ ṣe, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ bí ọ̀gá ọ́fíìsì. Mo ní, ọmọ mi, lọ́jọ́ tí mo bá kú. Kò jẹ́ kí n dé ibì kankan. Ó gbé ọwọ́ sétí bíi fóònù, ó ní Màámi, ẹ ò ní kú, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ń pè mí sí mítíìn, ó sì pa ọwọ́ náà dé.

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Nígbà tí ẹ̀rín dá, omi náà kò dá. Onígbàjámọ̀ sọ ọwọ́ sílẹ̀, ó ní Màmá, ẹ má bínú, mi ò mọ ìgbà tí mo ṣe é, ohun tí èmi náà máa ń sọ fún ìyá mi nìyẹn. Ni ọkùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bá ní òun náà. Ni obìnrin kan bá ní òun náà, pé tòun, òun máa ń sọ pé wọ́n ń kan ilẹ̀kùn. Mo wá rí i pé ìwọ nìkan kọ́, gbogbo ẹ̀yin ọmọ lẹ jọ ń lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà.

Kì í kúkú ṣe pé kò sí ẹni tó ń bèèrè láyé o. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ sí báǹkì, wọ́n gbé fọ́ọ̀mù síwájú mi, ọmọbìnrin tó jókòó lẹ́yìn gíláàsì ní ta ni kí àwọn kàn sí bí nǹkan bá ṣe mí. Orí mi wú. Ọmọ tí kò mọ̀ mí rí, tó wò mí lójú kòrókòró, tó bi mí ní ohun tí ará ilé mi kan kò bi mí! Mo fa àga súnmọ́ ọn, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un látòkè délẹ̀, ibi tí mo fẹ́, aṣọ tí mo fẹ́, àti pé kí wọ́n má gbàgbé láti pa iná ààrò lọ́jọ́ náà. Àwọn tó tò sẹ́yìn mi ń mí kanlẹ̀, mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ló wọ̀ wọ́n lára. Nígbà tí mo parí, ó ní Màmá, orúkọ àti nọ́ńbà fóònù nìkan ni àyè gbà. Mo ní kó kọ ìyókù sẹ́yìn ìwé. Ó dá mi lójú pé ó kọ ọ́, nítorí ó ṣì ń tẹ nǹkan nígbà tí mo jáde.

Mo sì tún gba ohùn mi sílẹ̀ sínú fóònù, mo fi ránṣẹ́ sí ọ, gígùn, láìsinmi. Kò pẹ́, àmì gbà-á méjì aláwọ̀ búlúù yọ lábẹ́ rẹ̀. Inú mi dùn. Níléèwé, ẹyọ kan ni tíṣà máa ń fún wa bí a bá gbà á. Ìwọ fún mi ní méjì. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni mo lọ bá àbúrò bàbá rẹ, mo ní àkọ́bí mi ti máàkì ọ̀rọ̀ mi, mo sì gbà á. Télọ̀ ní kì í ṣe pé o fọwọ́ sí i, pé ó kàn túmọ̀ sí pé o ti gbọ́ ọ ni. Mo ní kó gbẹ́nu dákẹ́, ta ni yóò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ìyá rẹ̀ tí kò ní fèsì? Mo ṣì dúró lórí máàkì mi. Ṣùgbọ́n àbúrò bàbá rẹ ní àwọn kò mọ ohun tó ń jẹ́ búlúù, ẹnu rẹ làwọn fẹ́ gbọ́.

Nítorí náà, jókòó kí o kà á, torí ìwé kò ṣeé já mọ́ ni lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ kì í tóbi títí ká fi ọ̀bẹ bù ú, ẹnu la fi ń sọ ọ́. Lọ́jọ́ tí mo bá kú, itẹ́ òkú àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ògiri iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ sin mí sí. Mo mọ̀ pé o máa ní ibẹ̀ ti ń pariwo jù. Ohun tí mo rí tí mo fi fẹ́ ẹ nìyẹn. Láti ìgbà tí mo ti ń dáná búrẹ́dì, ìgbà tí àwọn ọmọ iléèwé náà bá sáré dé fèrèsé mi nígbà ìsinmi, tí wọ́n ń ti ara wọn, tí wọ́n ń pe ara wọn ní olè, ni mo máa ń mọ̀ pé iṣẹ́ òwúrọ̀ mi kò já sásán. Bàbá rẹ fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́ẹ́, àfi bó bá ń sùn. Ibi tó wà tẹ́ ẹ lọ́rùn, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n mo ti sùn ti ẹni tó ń hanrun láti ìgbà ọmọge mi, mo ti ṣe ìpín tèmi. Ẹ má kó ẹ̀rọ gbohùngbohùn wá. Ẹ má da sìmẹ́ǹtì lé mi, ilẹ̀ lásán tó. Ẹ má sì lẹ àwòrán mi mọ́ ògiri kankan o, kí àwọn èèyàn má baà rò pé ìpàdé ni.

Bí o bá bi mí bóyá ẹ̀rù ń bà mí, kò bà mí tó bí o ṣe rò. Ilẹ̀ kì í dẹ́rù bà mí. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí ni kí n lọ tán, kí ìwọ àti àbúrò bàbá rẹ dúró ní ẹnu ọ̀nà kan, kí ẹ máa bú ara yín lé mi lórí, kí n má sì ní ẹnu tí mo máa fi làjà láàárín yín.

Ní ti owó, mo mọ̀ pé ibi tí o ti ń retí láti òkè nìyẹn, nítorí bí ìyá bá kọ̀wé tí kò tọrọ nǹkan, ọmọ yóò rò pé ẹlòmíràn ló bá a kọ ọ́. Fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún orúnkún, fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún òrùlé, káfíńtà tún ti kọjá lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì tún mi orí. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, má fi ránṣẹ́. Awakọ̀ ni kí o kó o fún, kí o wọ ọkọ̀, kí o wá. A ó jọ lọ sílé àbúrò bàbá rẹ, wàá kí wọn bí ọmọ ṣe ń kí bàbá, èmi yóò sọ ọ̀rọ̀ mi lójú ẹ̀yin méjèèjì, wàá sì sọ fún wọn pé o ti gbọ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú lọ̀rọ̀ wà.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ àlọ rẹ, yóò ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Oúnjẹ kò ní wọ́n ọ. Àwọn ọmọ tí o bí yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ sí ọ lẹ́nu, wọn yóò sì jẹ́ kí o sọ ọ́ tán. Mi ò ní fọwọ́ mi sin ọ́. Èmi ni mo máa ṣáájú nígbà tí àsìkò bá tó, ìwọ ni wàá gbẹ̀yìn mi, ọwọ́ rẹ ni yóò bu erùpẹ̀ àkọ́kọ́. Àdúrà tó dára jù tí ìyá lè gbà fún ọmọ rẹ̀ nìyẹn, kò sì sí bí a ṣe lè gbà á láìdárúkọ ikú.

Nítorí náà, má ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ṣe àmín.

Èmi ni,
Ìyá rẹ